Ohun tí Géèjì Boost Ń Sọ, àti Ohun tí Kò Sọ

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ tí ẹ sì fẹ́ mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àfaradà.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ lónìí dá lórí boost, ìyẹn pirẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ tí supercharger ń tì wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹni méjì tí ọkọ̀ wọn ní supercharger bá pàdé, ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Mélòó ni boost tìẹ?" Ọ̀kan á ní 6 psi, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń ka pirẹ́ṣọ̀. Èkejì á ní 10, á sì gbé àyà sókè. Èmi náà wá ní ìbéèrè kan fún yín: ṣé ẹni tó ní 10 ló ní agbára jù lóòótọ́? Ẹ mú ìbéèrè yẹn dání. Lórí ẹ́ńjìnnì kan náà, pẹ̀lú supercharger kan náà àti púlì kan náà, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ní 6 fi ẹni tó ní 10 sẹ́yìn pátápátá. Ìṣirò ni màá fi hàn yín.

Omi inú àrọ

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní supercharger, ta ló ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀? Afẹ́fẹ́ ayé fúnra rẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká wúwo. Ní etí òkun, 14.7 psi ló fi ń tẹ gbogbo ohun tó bá kàn, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bar 1 gééré. Bí písítìn bá sọ̀ kalẹ̀, àyè á ṣí nínú sílíńdà, ìtẹ̀ ayé yìí á sì ti afẹ́fẹ́ wọlé. A máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì "fa" afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n títì ni wọ́n ń tì í fún un.

Supercharger jẹ́ pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ tí bẹ́líìtì láti ara púlì kíráńkì, ìyẹn irin tí àwọn písítìn ń yí, ń yí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kó afẹ́fẹ́ tó ju èyí tí ẹ́ńjìnnì ì bá rí gbà lọ, kí ó sì dà á sínú mánífóólù, ìyẹn ọ̀nà tó ń pín afẹ́fẹ́ sí àwọn sílíńdà. Tí afẹ́fẹ́ bá wá ń wọ mánífóólù ju bí àwọn fáàlù ṣe lè gbà á kọjá lọ, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Yóò kóra jọ. Yóò fún mọ́ra. Ìkórajọ yẹn ni géèjì ń kà, òun náà ni gbogbo wa ń pè ní boost.

Ẹ wo ẹni tó ń fi àrọ da omi sínú ìgò. Tí ọrùn ìgò bá fẹ̀, omi á máa lọ wọ̀ọ̀, inú àrọ kò ní kún. Tí ọrùn bá há, omi á gòkè nínú àrọ títí yóò fi fẹ́ ṣàn dànù. Ká ní ẹnìkan wá dúró lókè, ó ń wọn gíga omi inú àrọ, ó sì ń yọ̀ pé ìgò òun ń gba omi dáadáa. Ṣé òótọ́ ló sọ? Omi inú àrọ ni omi tí kò tíì wọ ìgò. Boost ni afẹ́fẹ́ tí kò tíì wọ sílíńdà.

Ẹ fi ẹ́ńjìnnì kan wò ó. Boost rẹ̀ jẹ́ 8 psi nígbà tí kíráńkì ń yí ní 6000 rpm, ìyẹn ìgbà 6000 nínú ìṣẹ́jú kan. Wọ́n yọ páìpù èéfín rẹ̀ tó há, wọ́n fi èyí tó gbòòrò sí i, wọ́n sì fẹ ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú orí ẹ́ńjìnnì náà. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan púlì. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ dé 6000, géèjì ní 6.5. Ọ̀pọ̀ ló máa pariwo pé supercharger ti ń kú. Bẹ́ẹ̀ agbára ọkọ̀ náà ti pọ̀ sí i. Supercharger ṣì ń kó iye afẹ́fẹ́ tó ń kó tẹ́lẹ̀, ó tiẹ̀ fi díẹ̀ lé e nítorí pé èyí tó ń jò padà sẹ́yìn ti dín kù. Ọ̀nà ló là fún un. Wàhálà tó ń fi ti afẹ́fẹ́ kéré, ooru tó ń dá kéré, èéfín sì ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ níbi gbogbo pé ẹ́ńjìnnì kò mọ psi. Ìwúwo afẹ́fẹ́ tó wọ sílíńdà, pẹ̀lú epo tó tọ́ sí i, òun ló ń di agbára.

Òdo géèjì kì í ṣe òdo tòótọ́

Ọ̀rọ̀ kejì kò pẹ́, àmọ́ ẹni tí kò bá yé, gbogbo ìṣirò rẹ̀ ló máa wọ́. Nígbà tí géèjì boost bá wà lórí òdo, pirẹ́ṣọ̀ 14.7 ti wà nílẹ̀ láti ọ̀run wá. Nítorí náà, 8 psi lórí géèjì jẹ́ 22.7 ní òótọ́. Ẹ pín 22.7 sí 14.7, ẹ ó rí 1.54. Iye yìí ni ìlọ́po pirẹ́ṣọ̀, òun sì ni kí ẹ máa fi ṣe ìṣirò. Ẹni tó rò pé 16 psi jẹ́ ìlọ́po méjì 8 psi kò wò ó dáadáa. 16 jẹ́ ìlọ́po 2.09, 8 jẹ́ ìlọ́po 1.54.

Kí ni èyí wúlò fún? Ẹ gbé ọkọ̀ tó ní 8 psi ní etí òkun gun orí òkè tó ga ní mítà 1500. Pirẹ́ṣọ̀ ayé níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 12.2 lọ. Tí ìlọ́po bá ṣì jẹ́ 1.54, a ó ní 18.8. Ẹ yọ 12.2 kúrò, ó ku 6.6. Ẹni tó ń wo géèjì á rò pé bẹ́líìtì ń yọ̀. Bẹ́líìtì kò ṣe nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ òkè ló fúyẹ́.

Ìṣirò kan náà ló fi hàn bí fílítà tó dọ̀tí ṣe ń jalè. Ká ní ìdọ̀tí fílítà gba psi 1 péré lẹ́nu ọ̀nà supercharger. 13.7 ló kù láti sọ di ìlọ́po 1.54, èyí tó jẹ́ 21.1. Lórí géèjì, 8 ti di bí 6.4. Psi 1 tó sọnù lẹ́nu ọ̀nà di psi 1 ààbọ̀ lẹ́yìn. Mo máa ń rí àwọn tó ń ra púlì tuntun nígbà tó jẹ́ pé fílítà wọn ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Tí ẹ bá rí bar lórí géèjì, bar 1 jẹ́ 14.5 psi. Tí ẹ bá rí kPa, 100 kPa ni bar 1. Ó tán.

Púlì, bẹ́líìtì àti irú supercharger

Èwo nínú supercharger ló dára jù? Bí ọwọ́ ọmọdé kò ṣe tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Irú tó pẹ́ jù ni Roots. Àwọn arákùnrin méjì, Philander àti Francis Roots, ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1860, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dáyé. Fífẹ́ afẹ́fẹ́ sí iná ìyọ́rin wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún. Ní 1885 ni Gottlieb Daimler ní Jámánì gba ìwé àṣẹ lórí èrò pé kí á máa fi pọ́ọ̀ǹpù ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì. Irin méjì tó ń yí sí ara wọn ló wà nínú Roots. Wọ́n ń gbá afẹ́fẹ́ mú lẹ́bàá ògiri ilé wọn, wọ́n sì ń gbé e dà sí òdì kejì. Ẹ fiyè sí èyí: Roots kì í fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú ara rẹ̀. Ó kàn ń gbé e ni. Inú mánífóólù ni afẹ́fẹ́ ti ń fún mọ́ra. Irú èyí tó ní ìyíbìrí méjì bíi skúrù, ìyẹn twin-screw, máa ń fún un pọ̀ kí ó tó tú u jáde, ooru rẹ̀ sì máa ń dín díẹ̀ tí boost bá ga. Àwọn méjèèjì ń kó iye kan náà ní gbogbo ìyípo, nítorí náà boost wọn máa ń tètè dé. Láti bí 2000 rpm ni ẹ ti máa rí i.

Ti centrifugal yàtọ̀. Abẹ̀bẹ̀ kékeré kan ni, géà inú rẹ̀ sì lè mú un sáré ju 40,000 rpm lọ. Boost rẹ̀ ń tẹ̀ lé eré ní ìlọ́po ara rẹ̀: tí ó bá fún yín ní 8 psi ní 6000 rpm, ní 3000 kò ní ju bíi 2 lọ. Ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ fò láti ojú iná ìdúró kò ní gbádùn rẹ̀ tó ẹni tó ń sáré lójú ọ̀nà gbọọrọ.

Ẹ wá jẹ́ kí á ṣe ìṣirò tí mo ṣèlérí. Ẹ́ńjìnnì líítà 3.0 ni. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń gba afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì, nítorí náà ìyípo kíráńkì kan tọ́ sí líítà 1.5. Kì í kún tán. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní ìdá 90 nínú 100, ó di 1.35. Supercharger rẹ̀ jẹ́ Roots tó ń kó líítà 1 ní ìyípo kan. Púlì kíráńkì jẹ́ 150 mm, ti supercharger jẹ́ 75 mm. 150 pín sí 75 jẹ́ 2, ìyẹn ni pé supercharger yí ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tí kíráńkì yí ẹ̀ẹ̀kan. Líítà 2 nìyẹn. Díẹ̀ ń jò padà láàárín àwọn irin náà, ẹ yọ ìdá 10 nínú 100, ó ku 1.8. Ẹ pín 1.8 sí 1.35: 1.33. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì yìí fi ìdá 33 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ rí i pé mi ò tíì dárúkọ psi rárá. Púlì àti ìwọ̀n supercharger ti sọ iye afẹ́fẹ́ fún wa. Kí ni géèjì máa wá kà? Ooru ni yóò dáhùn.

Ooru

Ibí ni ìdí ọ̀rọ̀ mi wà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó ti fi pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé ìdí pọ́ọ̀ǹpù máa ń gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ gbọ́dọ̀ gbóná. Afẹ́fẹ́ tó bá sì gbóná máa ń fẹ́ gbòòrò, á máa ti ògiri mánífóólù, géèjì á sì gòkè láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ kan fi kún èyí tó wà níbẹ̀.

Ẹ mú ẹ́ńjìnnì wa ti ẹ̀ẹ̀kan. Afẹ́fẹ́ wọlé ní 30°C. Kò sí intercooler, ìyẹn ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù lẹ́yìn tó bá kúrò nínú supercharger. Roots àtijọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bí ìdá 60 nínú 100 yóò gbé ooru yẹn dé bí 110°C. Kí ìdá 33 àfikún tó lè gba inú mánífóólù kọjá pẹ̀lú ooru yẹn, pirẹ́ṣọ̀ gbọ́dọ̀ dé ìlọ́po 1.7. Géèjì á kà bíi 10 psi.

Ẹ wá fi intercooler sí i. Ẹ má yí púlì padà. Ẹ jẹ́ kó mú afẹ́fẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ sí 50°C. Iye afẹ́fẹ́ kan náà, ìdá 33 kan náà, àmọ́ ó ti tutù, ó ti kóra mọ́ ara rẹ̀. Pirẹ́ṣọ̀ tó nílò kò ju ìlọ́po 1.42 lọ. Géèjì á kà bíi 6.

Ẹ rántí àwọn ẹni méjì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀? Àwọn nìyí. Púlì kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà. Ọ̀kan ní 10, èkejì ní 6. Ẹni tó ní 6 ló sì máa borí. Èkíní, afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù, ó lè jẹ́ kí iná pílọ́ọ̀gì tàn lásìkò tó yẹ láìbẹ̀rù. Èkejì, agbára tí supercharger ń jẹ lára kíráńkì ti dín kù. Ní 6000 rpm, ẹni tó ní 10 ń fi bí 17 kW yí supercharger, ẹni tó ní 6 ń fi bí 12 kW. Ìyàtọ̀ 5 kW yẹn ń lọ sí táyà.

Tí ẹni tó ní 6 bá wá yọ púlì 75 mm, tó fi ti 68 mm sí i, supercharger á máa yí ní ìgbà 2.2. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ á di ìdá 47 nínú 100 lé sí ti tẹ́lẹ̀, géèjì á sì kà bíi 8. Géèjì rẹ̀ kò tíì dé ti ẹni tó ní 10, bẹ́ẹ̀ ó ti fi afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù ú lọ.

Kí ẹ tó dín púlì kù, ẹ ṣírò eré supercharger. 6000 rpm pẹ̀lú 2.2 jẹ́ 13,200 rpm. Ìwé ohun èlò náà máa ń sọ ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ má kọjá rẹ̀ rárá. Tó bá kọjá ibẹ̀, ooru ló máa ń pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, béárìn àti géà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn.

Intercooler náà ní tirẹ̀. Ẹ wọn pirẹ́ṣọ̀ ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ psi 1 tàbí kí ó kéré sí i, ó dára. Tó bá ju 2 lọ, inú rẹ̀ há tàbí epo ti dí i. Ìdí nìyí tí ibi tí ẹ gbé hóòsì géèjì sí fi ṣe pàtàkì. Mánífóólù ni kó ti wá, lẹ́yìn intercooler àti lẹ́yìn throttle, ìyẹn ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí ẹsẹ̀ yín ń ṣí. Tí irú intercooler yín bá jẹ́ èyí tó ń fi omi tutù, ẹ wò ó bóyá pọ́ọ̀ǹpù omi rẹ̀ kékeré ń yí lóòótọ́. Pọ́ọ̀ǹpù yẹn máa ń kú láìpariwo, ooru afẹ́fẹ́ á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, géèjì boost náà á sì máa gòkè, inú ẹni tó ni ọkọ̀ á sì máa dùn.

Epo àti iná

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Afẹ́fẹ́ tí kò bá bá epo rìn, páńpẹ́ ni fún písítìn.

Ìwọ̀n tí bẹntiróòlù fi ń jó tán láìṣẹ́kù ni 14.7 ìwúwo afẹ́fẹ́ sí 1 ìwúwo epo. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ pé nọ́ńbà yìí bá ti pirẹ́ṣọ̀ ayé mu ni o. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Nígbà tí boost bá ti wọlé, a kò gbọdọ̀ dúró sí 14.7. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísupercharger ń dúró sí ni 11.5 sí 12, kí epo tó lé díẹ̀ lè tu inú sílíńdà lára. Sẹ́ńsọ̀ wideband nìkan ló lè kà á dájú. Sẹ́ńsọ̀ lásán tó bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wá kò mọ̀ ju "ó pọ̀" àti "kò tó" lọ.

Ibo ni epo ti ń já wa kulẹ̀? Ibi mẹ́ta ni mo máa dárúkọ.

Àkọ́kọ́ ni ínjẹ́kítọ̀ tó kéré. Kò yẹ kí ó máa ṣí ju ìdá 85 nínú 100 àsìkò rẹ̀ lọ. Èyí tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣí títí kò ní àyè láti fi kún epo mọ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì ń pọ̀ sí i.

Èkejì ni pirẹ́ṣọ̀ epo, òun ló sì ń bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Ká ní epo ń wá ní 43.5 psi, ínjẹ́kítọ̀ sì ń tú u sínú mánífóólù tí 8 psi ti ń ti ẹnu rẹ̀ padà. Kí ló ṣẹ́kù láti ti epo jáde? 35.5. Epo tó ń jáde á fi bí ìdá 10 nínú 100 dín kù, ní ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Nítorí náà, ẹ fa hóòsì láti mánífóólù lọ sí olùtọ́ pirẹ́ṣọ̀ epo, kí psi 1 boost máa mú psi 1 epo gòkè. Tí ọkọ̀ kò bá ní irú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó máa ṣí ínjẹ́kítọ̀ pẹ́ sí i.

Ẹ̀kẹta ni sẹ́ńsọ̀ pirẹ́ṣọ̀ mánífóólù. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá supercharger wá láti ilé-iṣẹ́ máa ń ní sẹ́ńsọ̀ bar 1. Irú èyí kò lè kà kọjá pirẹ́ṣọ̀ ayé. Boost lè dé 8, ojú sẹ́ńsọ̀ ti fọ́ látorí òdo, kọ̀ǹpútà á sì máa fi epo òdo bọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ 8. Sẹ́ńsọ̀ bar 2 ló bá a mu, ó sì lè kà dé bí 14 psi lórí géèjì.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀rọ̀ iná. Bí afẹ́fẹ́ àti epo bá gbóná jù tí wọ́n sì fún mọ́ra jù, apá kan nínú wọn á gbiná fúnra rẹ̀ kí iná pílọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iná òjijì ni màá máa pè é. Ẹ ó gbọ́ ọ bíi ìgbà tí wọ́n ń gbọn òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ìbúgbàù ni, ó sì ń na orí písítìn bí òòlù.

Ẹ wo bí epo ṣe kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ́ńjìnnì bàálù Merlin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní supercharger. Pẹ̀lú epo octane 87 (bí octane bá ṣe ga tó ni epo ṣe ń kọ iná òjijì tó), boost tí wọ́n gbà á láyè kò ju 6¼ psi lọ. Nígbà tí epo octane 100 dé, wọ́n gbà á láyè dé 12 psi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì lò ó ní ogun ojú ọ̀run 1940. Supercharger tó lè fún un ní 12 yẹn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Epo ni kò jẹ́ kí wọ́n lò ó.

Fún ọkọ̀ tiwa, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ dá àsìkò iná dúró díẹ̀ bí boost ṣe ń gòkè. Bíi ìgun (degree) 1 fún psi kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi rí òtítọ́ lórí ẹ̀rọ ìwọnagbára. Ẹ lo pílọ́ọ̀gì tó fi ìpele kan tutù ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. Ẹ dín àlàfo ẹnu rẹ̀ kù láti bíi 1.1 mm sí 0.7 tàbí 0.8, torí pé afẹ́fẹ́ tó fún mọ́ra máa ń fẹ́ iná kékeré pa.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ ọkọ̀ dáadáa, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì. Ẹ mú awò tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ wo tánńganran funfun tó yí àárín rẹ̀ ká. Tí ẹ bá rí àwọn ẹ̀kán kéékèèké aláwọ̀ eérú tó ń dán, tó dà bí ẹni pé ẹnìkan bu ata lúbúlúbú sí i, alumíníọ̀mù orí písítìn nìyẹn. Iná òjijì ti ń bù ú jẹ. Ẹ má tan ọkọ̀ yẹn fún eré mọ́ títí ẹ ó fi mọ ohun tó fà á.

Bí a ṣe ń fi géèjì ṣe àyẹ̀wò

Ní báyìí tí a ti mọ ohun tí géèjì ń kà, a lè jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wa. Boost tó lọ sílẹ̀ ní ìtumọ̀. Boost tó gòkè láìnídìí ní ìtumọ̀ tó burú jù.

Tí boost bá ń gòkè dáadáa títí dé bíi 4500 rpm, tó wá dúró tàbí tó ń wálẹ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, bẹ́líìtì ló ń yọ̀. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ fọwọ́ kan inú bẹ́líìtì náà nígbà tó bá tutù. Ó máa ń dán bíi gíláàsì, ìyẹ̀fun dúdú á sì wà lára àwọn ohun tó yí i ká. Púlì kékeré máa ń dá kún èyí torí pé ibi tí bẹ́líìtì ti dì mọ́ ọn ti kéré. Ẹ wo ìdẹ̀ bẹ́líìtì, ẹ wo bóyá àwọn púlì wà lórí ìlà kan, ẹ wo bóyá epo ń kán sí i. Fífún bẹ́líìtì le jù kì í ṣe oògùn. Béárìn iwájú supercharger ló máa san gbèsè rẹ̀.

Tí boost bá kéré ní gbogbo eré, láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹ wá fílítà àti ibi tó ń jò. Ẹ dí ẹnu ọ̀nà, ẹ fi afẹ́fẹ́ tí kò ju bíi 5 psi lọ sí i, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ pa àwọn ìdè hóòsì. Ibi tó bá ń hó fọ́ọ́ ni.

Tí kò bá sí boost rárá, ẹ wo fáàlù bypass. Fáàlù yìí ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yí padà sẹ́nu supercharger nígbà tí ẹ kò tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìfà mánífóólù ló ń ṣí i, sípíríńgì ló ń tì í. Tó bá há ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ á kàn máa yí lójú kan. Tó bá jẹ́ hóòsì ìfà rẹ̀ ló já, ọ̀rọ̀ yí padà: boost á wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n fáàlù kò ní ṣí mọ́, supercharger á máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀ lásán ní gbogbo ìgbà, á máa gbóná, epo ọkọ̀ á sì máa tètè tán. Ẹni tó ń wo boost nìkan kò ní rí èyí láéláé.

Èyí tó kù ni boost tó gòkè fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ kan ń ka 8 psi láti ọdún yìí wá. Ó di 9. Ó di 10. Kò sẹ́ni tó yí púlì. Ọkọ̀ sì ń wúwo, kò fẹ́ sáré mọ́. Ẹ rántí àrọ: ọrùn ìgò ti há. Lọ́pọ̀ ìgbà, catalyst, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù èéfín, ló ti yọ́ tàbí tó ti dí. Èéfín kò rí ọ̀nà jáde, afẹ́fẹ́ tuntun kò rí ọ̀nà wọlé, gbogbo rẹ̀ wá kóra jọ sí mánífóólù. Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ èéfín tó wà ṣáájú catalyst, ẹ de géèjì mọ́ ojú ihò rẹ̀, kí ẹ sì wọn pirẹ́ṣọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé boost rẹ̀ ga, torí ooru èéfín tó há sínú yẹn lè sun fáàlù.

Tí ẹ bá ti tún nǹkan ṣe, ẹ má fi géèjì nìkan dán an wò. Ẹ lọ sí ibi tó dá tàbí orí ẹ̀rọ ìwọnagbára, ẹ fi géà kẹta tẹ̀ ẹ́ láti 2500 dé 6000 rpm lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí kọ̀ǹpútà máa kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: boost, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo, ooru afẹ́fẹ́ inú mánífóólù, àti ohun tí sẹ́ńsọ̀ iná òjijì gbọ́. Tí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo bá kọjá 12.5 nígbà tí boost wà níbẹ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dé 6000. Tí ooru afẹ́fẹ́ bá ń gòkè ní gbogbo ìgbà tí ẹ tún un ṣe, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ padà sídìí intercooler.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo rí ọwọ́ tó wà lókè lẹ́yìn. Ẹ sọ ìbéèrè yín, kí ẹ jọ̀wọ́ kọ́kọ́ sọ irú supercharger tó wà lórí ọkọ̀ náà àti ìwọ̀n púlì méjèèjì.